Kí ọ̀rá spirulina má baà bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́

Ẹ̀yin àbúrò tí ẹ ń wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní Àjàṣẹ́, orí chloroform, omi kẹ́míkà tí a fi ń yọ ọ̀rá, ni ẹ máa ń sáré lọ. Inú aṣọ tí ẹ fi sẹ́ spirulina, ohun abẹ̀mí tíntìntín aláwọ̀ ewé tó ń hù nínú omi tó ní iyọ̀, ni ọ̀rá ti máa ń bàjẹ́.

Gamma-linolenic acid, ọ̀kan nínú àwọn fatty acid tó wà nínú ọ̀rá rẹ̀, ni à ń wá. Ìdè oníméjì mẹ́ta ló wà lára rẹ̀, ibẹ̀ sì ni atẹ́gùn ti ń mú un, pàápàá nínú ooru àti oòrùn. Lọ́dún kan, mo sá spirulina sórí páànù bí ìgbà tí èèyàn ń sá èlùbọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, ó ń rùn bí epo tó ti pẹ́. Iṣẹ́ oṣù kan ló lọ bẹ́ẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí.

Torí náà, ẹ sẹ́ ẹ ní òwúrọ̀, bí ìyá wa ṣe ń sẹ́ ògì. Ẹ fi omi díẹ̀ ṣan iyọ̀ rẹ̀ kúrò kíákíá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ó wọn iyọ̀ mọ́ ọn. Ẹ fún un dáadáa. Bí ẹ kò bá ní lò ó lọ́jọ́ náà, kó wọ fìríìsà.

Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Bligh àti Dyer, gbé jáde ní 1959 ni mo ń lò láti yọ ọ̀rá, torí a lè fi spirulina tútù tí a kò sá gbẹ ṣe é. Èyí tí ẹ ti fún, omi jẹ́ nǹkan bí ìpín 80 nínú 100 rẹ̀. Ẹ mú gíráàmù 5, ẹ da chloroform mílílítà 5 àti methanol mílílítà 10 sí i, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná. Ẹ fi chloroform 5 kún un, lẹ́yìn náà omi 5, ẹ mì ín, ẹ gbé e kalẹ̀. Chloroform tó gbé ọ̀rá á wà nísàlẹ̀, methanol àti omi lókè, pàǹtírí láàárín. Ìgò gíláàsì ni o, torí chloroform ń yọ nǹkan lára ike. Ẹ dúró níbi tí ẹ̀rọ ti ń fa atẹ́gùn jáde: chloroform ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, methanol ń fọ́jú.

Ẹ fa ti ìsàlẹ̀, ẹ fi gáàsì nitrogen fẹ́ ẹ gbẹ, ẹ wọ̀n ọ́n. Mílígíráàmù 60 sí 80 dára. Kì í ṣe fatty acid nìkan, àwọ̀ ewé náà wà níbẹ̀.

Kí gas chromatography, ẹ̀rọ tó ń ya àwọn fatty acid sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tó lè kà á, ẹ sọ ọ́ di methyl ester, irú èyí tó lè di gáàsì nínú ẹ̀rọ náà. C19:0 (fatty acid oníkábọ́ọ̀nù 19 tí a fi ń ṣe òṣùwọ̀n) tí ẹ ti wọ̀n ni kó kọ́kọ́ wọlé, ṣáájú chloroform: bí ọ̀rá bá ṣòfò lọ́nà, òun náà á ṣòfò bákan náà, ẹ ó sì lè ṣírò rẹ̀ padà.

Palmitic, fatty acid mìíràn nínú spirulina tí kò ní ìdè oníméjì, kì í tètè bàjẹ́. Bí gamma-linolenic bá wá kéré sí i ju bó ṣe máa ń rí lọ, ẹ padà lọ yẹ bí ẹ ṣe tọ́jú spirulina náà wò.