Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Tí A Bá Ń Bá Aládùúgbò Tí Kò Lè Jáde Ra Ọjà Lásìkò Àjàkálẹ̀ Àrùn

Ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020 ni ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ kónílé-ó-gbélé ní Àbújá, Èkó àti Ìpínlẹ̀ Ògùn nítorí kòrónà. Ọjọ́ 14 ni wọ́n kọ́kọ́ dá, ṣùgbọ́n ó di ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹwọ́. Ní Kubwa, ní Nyanya, ní Lugbe, àwọn aládùúgbò ló ń bá àwọn arúgbó, aláìsàn àti ìyá ọlọ́mọ tuntun lọ sọ́jà. Iṣẹ́ ribiribi ni. Síbẹ̀, àwọn àṣìṣe kan wà tó máa ń sọ oore di ìnira fún ẹni tí a ń ṣe é fún, bí àrùn mìíràn bá sì dé lọ́la, mi ò fẹ́ kí a tún wọn ṣe.

Èyí tó burú jù ni ìbéèrè tí a fi ń bẹ̀rẹ̀: “Mọ́mì, ṣé ẹ nílò nǹkan kan?” Àgbà Yorùbá wo ló máa yọjú lójú fèrèsé kó ní ebi ń pa òun? Ohun tí ẹ máa gbọ́ ni, “Rárá o, ọmọ mi, a dúpẹ́. Ọlọ́run á bù kún yín.” Ẹ̀yin náà á yí padà, ọkàn yín á balẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìdí ike gàárì ti ń hàn. Ní Àbújá níbí, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i, torí ẹbí tí ì bá wọlé ṣí ìkòkò wò wà ní Ìbàdàn, ní Ìlọrin, ní Adó-Èkìtì, ọ̀nà sì máa ń dí nígbà kónílé-ó-gbélé. Ìyá tó wá bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ìkókó lè wà níbi tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni ju mégáàdì lọ. Ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ, kí ẹ sì dárúkọ nǹkan: “Mà, mo ń lọ sí ọjà Wuse ní Sátidé. Tàtàṣé ni kí n bá yín mú bọ̀ ni àbí tòmátì? Èlùbọ́ yín ńkọ́, ṣé á dé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀?” Ẹ ó rí i pé wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan fún yín.

Bí wọ́n bá ti ń kà á, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Mudu ni wọ́n fi ń wọn nǹkan ní àwọn ọjà Àbújá, kóńgò ló sì wà lẹ́nu ìyá tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé. Ẹ jọ fẹnu kò kí ẹ tó kúrò nílé, tàbí kí ẹ kúkú sọ ọ́ ní iye owó. Gàárì funfun ni àbí pupa? Ẹ̀gúsí lílọ̀ ni àbí oníwóró? Bí ohun tí wọ́n fẹ́ kò bá sí, ẹ pè wọ́n láti ọjà, ẹ má dá òmíràn rà. Ó lè jọ ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè jáde ti pàdánù ohun púpọ̀ tó máa ń fúnra rẹ̀ pinnu. Ohun tó máa jẹ lálẹ́ yẹ kó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

A máa ń rántí ìrẹsì, a sì máa ń gbàgbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ìtọ̀ ṣúgà, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ní irú àìsàn yìí gan-an ni kòrónà máa ń bá jà jù. Ẹ ya fọ́tò páálí oògùn, kí orúkọ àti iye mílígíráàmù hàn, kí ẹ sì wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí oògùn náà máa bàjẹ́. Bí ẹni tó ń tà á bá ní, “Kò sí èyí, ọ̀kan náà ni tibí,” ẹ má gbà á kí dókítà aláìsàn náà tó mọ̀ sí i.

Owó ló ń ba àárín ẹni jẹ́ jù. Kò sí ìdí kankan tí ẹ fi gbọ́dọ̀ gba káàdì ATM àgbà, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ PIN, kódà bí àwọn fúnra wọn bá nà án sí yín. Lọ́jọ́ tí kọ́bọ̀ kan bá dín nínú àkáǹtì yẹn, ẹ̀yin ni ọmọ wọn tó wà lókè òkun máa kọ́kọ́ bi léèrè. Kí wọ́n fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì yín, tàbí kí wọ́n kó o lé yín lọ́wọ́, kí ẹ kà á lójú wọn. Lẹ́yìn ọjà, ẹ kọ iye tí ẹ ra nǹkan kọ̀ọ̀kan sórí ìwé, kí ẹ sì fi ìwé náà di ṣéńjì, tó fi dé náírà àádọ́ta. Wọ́n lè ní kí ẹ máa mú un lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ rí i ná.

Àṣìṣe owó kejì ni kíkọ̀ láti gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ní. “Ẹ fi sílẹ̀, Dádì, kò tó nǹkan.” Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kejì, Dádì ò ní pè yín mọ́, torí wọn ò fẹ́ di ẹrù sí yín lọ́rùn. Ẹni tí kò ní lọ́wọ́, ẹ bá a san án láìjẹ́ kí ojúlé kejì gbọ́.

Ẹ má wọlé. Mo mọ bó ṣe le tó. Ẹ gbé àpò dé, Màmá ti ṣílẹ̀kùn, wọ́n ní, “Ẹ wọlé, ẹ jókòó, ẹ mu omi,” ẹ ò sì fẹ́ kí wọ́n ní ẹ ò gbẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kòrónà lè kó o ran ẹlòmíràn kí ara òun fúnra rẹ̀ tó gbóná. Ó lè tó ọjọ́ 2 sí 14 kí àmì tó yọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti ọjà bọ̀ ni ewu ilé yẹn. Ẹ sọ ọ́ fún wọn lórí fóònù ṣáájú pé ẹ ò ní wọlé, kó má bàa jọ ìwọ̀sí. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, bíi mítà 2 sí wọn, kí ìbòmú wà lẹ́nu yín. Ẹ gbé àpò sílẹ̀, kí ẹ sún sẹ́yìn, kí ẹ dúró títí wọ́n á fi gbé e wọlé. Nínú ooru oṣù Kẹrin Àbújá, ẹja tútù tí ẹnikẹ́ni ò tètè gbé lẹ́nu géètì á ti bàjẹ́, bí ewúrẹ́ ò bá tíì bá ẹ̀fọ́ jẹ ṣáájú.

Ẹ̀rù ló mú ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ọṣẹ tàbí Hypo fọ tòmátì àti ẹ̀fọ́ nígbà yẹn. Ẹ jáwọ́, inú ènìyàn ló ń lọ. Èémí ni kòrónà ń bá rìn jù. Omi mímọ́ tó fún ẹ̀fọ́, ọwọ́ ni kí ẹ fi ọṣẹ fọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ nínú oúnjẹ ni eku. Ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ lọ́dún 1969 ní ìlú Lassa ní Borno, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló ń gbé e dé inú oúnjẹ. Nítorí náà, ẹ má ra gàárì tí wọ́n sá sílẹ̀ lẹ́bàá títì. Ẹ béèrè bóyá ike onídèérí wà nílé. Bí kò bá sí, ẹ ra ọ̀kan mọ́ ọn.

Fọ́tò ńkọ́? Rárá. Kò sí àgbà tó fẹ́ rí ara rẹ̀ lórí WhatsApp àdúgbò pẹ̀lú àpò ìrẹsì níwájú. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilé báyìí ni àìsàn wà.

Àwọn tó láàánú jù ló ń ṣe àṣìṣe tó kù. Ẹnì kan á dá gba ilé mẹ́jọ, títí á fi rẹ̀ ẹ́ tàbí tí ikọ́ á fi mú un, ilé mẹ́jọ á sì wà láìní oúnjẹ lọ́jọ́ kan náà. Nígbà kan lọ́dún 2020, Ọjọ́rú àti Sátidé nìkan ni ọjà oúnjẹ ń ṣí ní Àbújá. Ẹni tí Sátidé bá bọ́ mọ́ lọ́wọ́, ó di Ọjọ́rú. Ilé méjì sí mẹ́ta tó ẹnì kan, kí ilé kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà ẹlòmíràn tí wọ́n lè pè. Bí ikọ́ bá mú yín lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ wá arọ́pò lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Bí ẹ bá sì gbọ́ lórí fóònù pé èémí Bàbá ń há, ẹ pa ọ̀rọ̀ ọjà tì ná: 6232 ni nọ́ńbà NCDC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ pè é, kí ẹ sì pe àwọn ọmọ wọn.