Ìdí tí ara fi ń sá fún eré ìdárayá, àti bí ẹ ṣe lè mú kí ó wù ú

Ẹni tó ra bàtà kánfáàsì lóṣù kìíní, tó fi sáré lẹ́ẹ̀mejì, tó wá tì í sábẹ́ ibùsùn, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ohun tí ara ọmọ ènìyàn mọ̀ ọ́n ṣe ló ṣe. Láti ayébáyé, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wá jíjẹ: oko ríro, omi pípọn, igi ṣíṣẹ́, ẹran lílé nígbó. Oúnjẹ kì í fìgbà gbogbo pọ̀, torí náà ẹni tó bá jókòó nígbà tí kò sí iṣẹ́ ló máa ń rí agbára lò nígbà ìyàn àti nígbà àìsàn. Ara tí a jogún nìyẹn. Tí ìdí bá wà, á dìde. Tí kò bá sí, á jókòó.

Àwọn ẹ̀yà Hadza ní Tanzania ṣì ń ṣọdẹ, wọ́n sì ń wá ohun jíjẹ nínú igbó. Nígbà tí àwọn onímọ̀ so ẹ̀rọ mọ́ itan wọn láti mọ bí wọ́n ṣe ń lo ọjọ́, wọ́n rí i pé nǹkan bíi wákàtí 10 ni wọ́n fi ń sinmi lójúmọ́, yàtọ̀ sí oorun. Èyí kò jìnnà sí ti òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé wọ́n sábà ń lóṣòó tàbí kí wọ́n kúnlẹ̀, tí iṣan ẹsẹ̀ kò fi sùn pátápátá, àti pé bí wọ́n bá ti dìde, iṣẹ́ gidi ló gbé wọn dìde.

Ohun méjì ló ń mú ara dìde láìjanpata: kó di dandan, tàbí kó dùn. Ẹ wo ọdún Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ nílùú Òṣogbo. Èrò tó ń tẹ̀ lé Arugbá, wúńdíá tó ń ru igbá ẹbọ, láti ààfin Àtáọ́ja lọ sí igbó Ọ̀ṣun ń rìn, wọ́n ń jó, wọ́n ń kọrin, òógùn bò wọ́n, kò sì sí ẹni tó ń wo aago. Ẹ ní kí àwọn èrò kan náà lọ dá rìn lórí ẹ̀rọ inú jíìmù fún ìdajì àkókò yẹn, ẹ óò gbọ́ àwáwí. Nítorí náà, ẹ má wulẹ̀ fi ara yín bú. Ẹ wá dandan díẹ̀ àti adùn díẹ̀ fún un.

Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ lọ́dún 2020 fún àgbàlagbà ni ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, ti ìrìn kánmọ́kánmọ́ tàbí ohun tó bá a dọ́gba, àti ọjọ́ méjì tí ẹ óò fi fún iṣan lágbára. Kò di ìgbà tí ẹ bá ṣe é pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìṣẹ́jú 10 níhìn-ín, 10 lọ́hùn-ún, gbogbo rẹ̀ ló wọlé sí ìṣirò.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ibi tí ẹ wà

Fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kọ iye ìgbà tí ẹ wọ ọ̀kadà tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá, ibi tí ẹ ti wọ̀ ọ́ àti ibi tí ẹ sọ̀ sí. Ẹ kọ wákàtí tí ẹ fi jókòó pẹ̀lú. Fóònù lè ka ìṣísẹ̀ yín, ṣùgbọ́n àpò ṣòkòtò ni kó wà. Èyí tó wà lórí tábìlì kò rí ẹsẹ̀ yín. Ẹ má tíì yí nǹkan kan padà. Ohun tí ẹ ń wá ni ìrìn kékeré tí ẹ ń sanwó fún.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ so ìrìn mọ́ ohun tí ẹ ó ṣe tẹ́lẹ̀

Tí ẹ bá ń ti Ọláìyá lọ sí Ọjà Ọba nílùú Òṣogbo, ẹ sọ̀ kalẹ̀ níbi tó ku ìrìn ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó débẹ̀. Ìrìn ìṣẹ́jú 10 tó yá díẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 800. Ẹni tó bá ṣe é lọ, tó ṣe é bọ̀, fún ọjọ́ márùn-ún, ti ní ìṣẹ́jú 100 láìtíì ya àkókò kankan sọ́tọ̀. Bí ẹrù bá wà, ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi lọ, kí ẹ wọ kẹ̀kẹ́ bọ̀. Ẹni tó bá fi àpò tó wúwo sápá kan rìn bọ̀ á dá ìrìn náà dúró nítorí èjìká, kì í ṣe nítorí ẹsẹ̀.

Ẹni tó ń tajà nínú ṣọ́ọ̀bù kò ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Kó kúrò lórí àga ní gbogbo ìdajì wákàtí, kó rìn dé ìpẹ̀kun ilà ṣọ́ọ̀bù náà kó sì padà. Gbogbo ìpè fóònù, òòró ni kó ti gbà á.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ dín eré kù

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń bàjẹ́. Ẹni tí kò sáré láti ọdún márùn-ún á jí lọ́jọ́ Sátidé, á sá eré bí ẹni tí ajá ń lé. Ìwọ̀n kan wà tí ara lè fara dà: níbẹ̀, èémí ń yára ṣùgbọ́n ó ń tó, ọkàn sì ń fúyẹ́. Bí ẹ bá ti kọjá rẹ̀, tí èémí ò tó mọ́, ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé kí ẹ dúró, ìnira náà á sì máa pọ̀ sí i ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ìnira yẹn ni ara á rántí lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, bàtà á sì padà sábẹ́ ibùsùn.

Ẹnu yín ni òṣùwọ̀n tó dára jù. Bí ẹ bá lè sọ̀rọ̀ geere ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin, ẹ wà níbi tó yẹ. Bí ẹ bá lè kọrin, ẹ yára díẹ̀ sí i. Bí ọ̀rọ̀ bá ń já lẹ́nu yín lẹ́yìn ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta, ẹ rọra. Ẹni tó fẹ́ sáré gan-an lè rìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, kó sáré jẹ́jẹ́ fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú, kó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, kó sì dúró níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó fi kún un.

Bí ẹ ṣe parí rẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Àwọn onímọ̀ ti dán an wò: nínú àwọn tó ṣe iṣẹ́ ara kan náà, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú agbára tí wọ́n sì ń dín in kù títí dé òpin rántí rẹ̀ bí ohun tó dùn ju àwọn tó ń fi kún un lọ. Nítorí náà, lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹ fi rọra rìn kí ara lè yá, ẹ tètè ṣe apá tó le. Tí òkè bá wà ládùúgbò yín, ẹ gùn ún lọ, kí ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ bọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fi ohun tó dùn kún un

Ijó ni mo fi ṣáájú, torí kò náni ní nǹkan kan, òjò kò sì lè dí i lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú 20 tó: orin tó rọlẹ̀ kan, mẹ́ta tó gbóná, èyí tó rọlẹ̀ kan láti parí. (Àwọn tó fẹ́ràn fújì, ẹ ṣọ́ra: orin kan ṣoṣo lè gba gbogbo àkókò náà.) Àwọn òbí lè bá ọmọ ta tẹ́ń-tẹ́ń tàbí suwé, wọ́n á sì rí i pé èémí àwọn ló kọ́kọ́ ń tán.

Ẹnìkejì tún dára. Kó jẹ́ ẹni tí ìrìn yín jọ dọ́gba. Ẹni tó yára jù yín lọ á tì yín kọjá ìwọ̀n, ẹni tó lọ́ra á sú yín. Ẹ dá àkókò àti ibi, ìyẹn bíi aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ lẹ́nu géètì. Ìtìjú pé ẹnì kan ń dúró deni á di dandan. Nígbà ìjọba Rauf Aregbesola, ìrìn tí wọ́n pè ní Walk to Live máa ń kó èrò síta ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Lójú tèmi, àwùjọ yẹn ló dùn ju ọ̀rọ̀ ìlera tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: iṣan

Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, kí wọ́n má tẹ̀ léra. Ẹ fi àga onígi ti ògiri. Ti oníke máa ń yọ̀. Ẹ jókòó, ẹ dìde láìfi ọwọ́ tì í, nígbà 8 sí 10, kí ẹ máa mí síta bí ẹ ti ń dìde. Ẹ sinmi ìṣẹ́jú kan sí méjì, ẹ tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró níwájú ògiri ní ìwọ̀n apá kan, ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí i, ẹ sún àyà mọ́ ọn, ẹ ti ara yín padà, iye kan náà. Tí ìkẹwàá bá ṣì rọrùn, ẹ sún ẹsẹ̀ sẹ́yìn.

Ohun tó lè dà á rú

Ara ríro máa ń le jù láàárín wákàtí 24 sí 72 lẹ́yìn iṣẹ́ tuntun. Iṣan ń tún ara rẹ̀ ṣe ni; ẹ rọra rìn lọ́jọ́ náà, ẹ má dùbúlẹ̀. Orúnkún tó wú tàbí ìrora tó ń gún ní oríkèé kì í ṣe irú èyí, ẹ dá a dúró.

Àyà tó há, òòyì, tàbí èémí tó kọ̀ tí kò balẹ̀: ẹ jókòó lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tó ní àrùn ọkàn, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ rẹ̀ kò tíì wálẹ̀, kó rí dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀.

Oòrùn ọ̀sán kò dára fún un. Ṣáájú aago mẹ́jọ àárọ̀ tàbí lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ló tu ara. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ wọ aṣọ funfun, ẹ kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Nígbà ọyẹ́, tí eruku bá pọ̀, kí ẹni tó ní ikọ́ fée jó nínú ilé.

Ẹ má fi òṣùwọ̀n ìwúwo ṣe adájọ́. Agbára tí ìrìn ìdajì wákàtí ń gbà kò ju èyí tó wà nínú ìgò mínírà kan lọ, torí náà ikùn lè má tíì dín kù lóṣù àkọ́kọ́. Ohun tó máa kọ́kọ́ yí padà ni oorun, ìṣesí, àti bí èémí ṣe ń rí lórí àtẹ̀gùn.

Ọjọ́ tí ẹ bá pa jẹ, ẹ má san án padà pẹ̀lú ìlọ́po méjì. Ìyẹn ló ń bí ara ríro tó ń lé ènìyàn sá. Ẹ ṣe ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́jọ́ kejì, kí ẹ padà sí ìwọ̀n yín lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún ìrìn kan, ẹ fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà.