Ẹ̀rọ omi tó ń húkọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí afẹ́fẹ́ tó há sínú páìpù

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé, táńkì á gbẹ. Lọ́jọ́ tí omi bá padà dé, láti Adó dé Ìkẹ̀rẹ́, ẹjọ́ kan náà ni gbogbo ilé ń rò. Ẹ ka èyí ná kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni.

Omi kún táńkì, ẹ̀rọ kankan ò ṣe.
Ṣé kọ́ńtúróòlù ìdí táńkì, ìyẹn ohun tí a fi ń ti omi tí a sì fi ń ṣí i, wà ní ṣíṣí? Ẹ gòkè lọ wò ó.

Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni kò ṣe dáadáa.
Ìyẹn kì í sábà jẹ́ afẹ́fẹ́. Ẹ tú àsẹ́ ẹnu rẹ̀, ẹ fọ iyanrìn inú rẹ̀ dànù.

Ẹ̀rọ ń pariwo, ó ń tutọ́, omi ń wá ní ìdákúrekú.
Afẹ́fẹ́ nìyẹn. Ó wọnú páìpù nígbà tí táńkì gbẹ, omi tuntun wá dé, kò rí i lé jáde. Ẹ kọ́kọ́ pa iná hítà, torí áyọ́ọ̀nù inú rẹ̀ (irin tó ń mú omi gbóná) á jó bí omi ò bá bò ó. Kí táńkì kún dé ìdajì, kí ẹ wá ṣí ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀ jù gbàgà. Ẹ máa ti ibẹ̀ ṣí àwọn tó kù lọ sókè, ṣáwà ni kó kẹ́yìn. Ẹ má tì í nítorí pé ó tutọ́ lẹ́ẹ̀mejì! Ó di ìgbà tí omi bá dà yàà fún ìṣẹ́jú 2 láìdákẹ́.

A ti ṣe gbogbo ìyẹn. Ṣáwà òkè ò ṣì ṣe, gbogbo ìgbà tí táńkì bá gbẹ ni.
Alágídí wọn rèé. Àwọn onílé á pààrọ̀ ṣáwà, wọ́n á ra ẹ̀rọ tó ń ti omi, àwọn mìíràn á gbé táńkì ga sí i. Gbígbé e ga lè ràn án lọ́wọ́ lóòótọ́, àmọ́ owó ńlá ni, páìpù ló sì jẹ̀bi. Páìpù náà ní iké: ó jáde nídìí táńkì, ó sọ̀kalẹ̀, ó tún gun orí ògiri kọjá kó tó sọ̀kalẹ̀ sí balùwẹ̀. Orí iké yẹn ni afẹ́fẹ́ ń jókòó sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Gíga omi ni agbára rẹ̀. Ká ní omi táńkì fi mítà 1 péré ga ju ṣáwà lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá gba sẹ̀ǹtímítà 60 ní apá ibi tí páìpù ti ń sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn iké, ó ti jẹ sẹ̀ǹtímítà 60 nínú agbára yẹn. Iké méjì irú rẹ̀ á jẹ 120. Gbèsè ti ju owó ọwọ́ lọ, ẹ̀kán omi kan ò ní jáde.

Tòní: ẹ fi hósì tó mọ́ so ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ súmò (ẹ̀rọ iná tó ń fa omi kànga sókè) mọ́ ẹ̀rọ síńkì. Ẹ so ẹnu hósì méjèèjì pinpin kí omi má jò, ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ yòókù àti kọ́ńtúróòlù ṣáláńgá, kí ti táńkì wà ní ṣíṣí. Ẹ ṣí ẹ̀rọ síńkì àti ti ẹ̀gbẹ́ súmò, kí ẹ tan súmò fún ìṣẹ́jú 2 sí 3. Omi á ti afẹ́fẹ́ padà sínú táńkì. Ẹni tó bá wà lókè á gbọ́ bó ṣe ń hó. Ẹ pa súmò kí ẹ tó tú hósì.

Títí lọ: ẹ fi tíì (ìsopọ̀ páìpù ẹlẹ́nu mẹ́ta) sẹ́yìn kọ́ńtúróòlù táńkì, kí páìpù ínǹṣì 3/4 ti ibẹ̀ gòkè kọjá orí táńkì ní sẹ̀ǹtímítà 30, kí ẹnu rẹ̀ dojú bolẹ̀. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò ó, ẹ má dé e ní ìdérí. Bó bá kúrú ju omi táńkì lọ, omi á máa dà níbẹ̀. Iké tí kò ṣeé gé kúrò náà nílò irú èémí bẹ́ẹ̀ lórí rẹ̀.

Ṣé a lè gé páìpù yẹn fúnra wa?
Rárá o. Gọ́ọ̀mù tí ẹ kò bá jẹ́ kó gbẹ á jò sínú ògiri. Ẹ pe plumber, kí ó tẹ́ páìpù náà kó máa ga díẹ̀díẹ̀ padà sí ọ̀dọ̀ táńkì. Èyí tó bá wá láìmú lẹ́fẹ́ẹ̀lì (ohun tí wọ́n fi ń wo bí nǹkan ṣe tẹ́jú tàbí dagẹ̀rẹ̀ sí) dání, ẹ ní kó lọ mú un wá kó tó gun àjà.