Bí Iná Ààrò Gáàsì Kò Bá Dúró

Bí iná ààrò tó wà lábẹ́ kúkà gáàsì yín bá ń jó nígbà tí ọwọ́ yín tẹ bọ́tìnì, ṣùgbọ́n tó ń kú ní kété tí ẹ bá gbọ́wọ́ kúrò, ẹ má tíì ra òmíràn. Ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́bàá ojú iná náà tí wọ́n ń pè ní thermocouple. Tí iná bá mú orí rẹ̀ gbóná, yóò mú iná mànàmáná jáde, tó kéré gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ 1.5 fóòtì ti bátìrì tọ́ọ̀ṣì, síbẹ̀ òun ló ń di fáàfù gáàsì mú kó má padé. Bí iná bá kú, ọ̀pá náà yóò tutù, fáàfù yóò sì padé kí gáàsì má baà máa tú sínú ilé.

Ẹ kọ́kọ́ tan iná náà, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 15, nítorí ọ̀pá tó tutù kì í tètè gbóná. Bó bá ṣì ń kú, ẹ ti sílíńdà, ẹ jẹ́ kí ààrò tutù, kí ẹ wá fi sáńpépà kíkúnná rọra nu orí ọ̀pá náà. Ní Àkúrẹ́ níbí, eruku ọyẹ́ máa ń lẹ̀ mọ́ òróró tó ti ta sínú ààrò, ìdọ̀tí yìí kì í sì í jẹ́ kí ooru wọlé. Ẹ fi abẹ́rẹ́ la àwọn ihò ojú iná tó ti dí, kí ẹ sì rí i pé iná ń bo orí ọ̀pá náà dáadáa. Tó bá ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, asán ni gbogbo nínù yẹn.

Bí kò bá tún dúró, ó ṣeé ṣe kí ọ̀pá náà ti kú. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ gáàsì yọ ọ́, kí ẹ sì mú un lọ́wọ́ lọ sọ́jà, torí gígùn àti ẹnu wọn kò bára mu. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun yóò so fáàfù náà kó máa wà ní ṣíṣí láìsí ọ̀pá, ẹ má gbà rárá. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń bà sí, ìṣáná kan ṣoṣo sì tó láti jó ilé.

Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ ṣí sílíńdà, ẹ fi omi ọṣẹ tó hó pa gbogbo oríkèé tí wọ́n tú, kí ẹ tó tan iná. Ibi tó bá ń yọ ìfófòó ni gáàsì ti ń jò: ẹ ti sílíńdà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ má sì fọwọ́ kan ṣúìṣì iná kankan.