Bí mo ṣe gbin igi mépù tẹ́ẹ́rẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ní Maryland, ní Amẹ́ríkà

Àwọn èèyàn máa ń bi mí nípa igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bí mo ṣe ṣe é. Àyè tó wà láàárín ilé àti ibi tá a ń páàkì mọ́tò ò fẹ̀ tó fún igi tó máa yà káàkiri, ni mo bá mú Armstrong, mépù tó lè ga tó ẹsẹ̀ bàtà 50 ṣùgbọ́n tí fífẹ̀ ẹ̀ ò ju bíi 15 lọ. Àdàpọ̀ mépù pupa àti mépù sílífà ni, irú èyí tí Oliver Freeman, onímọ̀ ewéko kan, ṣe ní Washington nítòsí wa níbí ní 1933, ó sì máa ń yára dàgbà.

Mo kọ́kọ́ pe 811, nọ́ńbà téèyàn máa ń pè kó tó gbẹ́lẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n wá fi kun sàmì síbi tí páìpù gáàsì àti wáyà gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ìyẹn o.

October ni mo gbìn ín torí oòrùn ti rọlẹ̀ ṣùgbọ́n ilẹ̀ ò tíì tutù, gbòǹgbò á ráyè mú ilẹ̀. Ihò tí mo gbẹ́ fẹ̀ tó ìlọ́po 3 ìkòkò tí igi náà wà nínú ẹ̀ nígbà tí mo rà á, àmọ́ kò jìn jù ú lọ. Ibi tí wọ́n ti ń pa mépù jù nìyí: ìdí igi níbi tó ti ń fẹ̀ kó tó di gbòǹgbò gbọ́dọ̀ hàn lókè ilẹ̀, tẹ́ ẹ bá rì í mọ́lẹ̀, gbòǹgbò lè wé mọ́ ọn kó fún un pa, ọ̀pọ̀ ọdún sì lè kọjá kẹ́ ẹ tó mọ̀. Mo gbá iyẹ̀pẹ̀ kúrò títí mo fi rí i, mo gé gbòǹgbò tó ti yí po nínú ìkòkò, mo wá fi amọ̀ tí mo gbẹ́ jáde náà dí i padà. Èèpo igi tí mo tẹ́ sí i nípọn tó íǹṣì 3, mi ò jẹ́ kó kan ara igi.

Orí ẹ̀ ló tẹ́ẹ́rẹ́ o, gbòǹgbò ẹ̀ ò tẹ́ẹ́rẹ́! Ó máa wá omi lọ jìnnà, ó sì lè gbé kankéré sókè, torí ẹ̀ ni mo ṣe jìnnà sí ibi ìpáàkì. Nígbà ooru ọdún àkọ́kọ́ mo máa ń ṣí họ́ọ̀sì sí i díẹ̀díẹ̀ kó pẹ́ níbẹ̀, kómi lè wọlẹ̀ dáadáa.

Tí ewé bá ti wọ́ tán, mo máa ń yẹ ẹ̀ka wò. Wọ́n máa ń fún mọ́ra, yìnyín lè là wọ́n sí méjì, nítorí náà èyí tó bá ń bá igi àárín du ipò, mo gé e kúrò. Tómi bá ń sun lójú ibi tẹ́ ẹ gé, ẹ má bẹ̀rù, kì í pa á.