Kí lẹ máa ṣe tí ọ̀kadà CG125 àtijọ́ bá ń rú èéfín búlúù

Tí Honda CG125 àtijọ́ yín bá ń rú èéfín búlúù tó bá ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n, ẹ má tíì sáré ra ẹ́ńjìnnì o. Ẹ yọ pọ́ọ̀gì wò, tí ẹnu ẹ̀ bá dúdú tí ọ́ìlì sì rin ín, ríìngì písítìnì ló jẹ tàbí síìlì fáàfù (rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì gba ẹ̀gbẹ́ fáàfù wọlé). Ẹ tú sìlíńdà, ẹ fi èékánná fa inú ẹ̀ jẹ́jẹ́, tó bá ń kọ́ yín léèékánná, ẹ gbé e lọ s'Adó kí wọ́n ríbóò ẹ̀ (kí wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ́ inú ẹ̀ fẹ̀ sí i), ríìngì tuntun nìkan ò lè gbà á (mẹkáníìkì tó bá ní ó gbà á, owó yín ló ń wá). Tẹ́ ẹ bá ń dá a padà, ẹ má jẹ́ kí ẹnu àwọn ríìngì wà lójú kan náà. Àlàfo fáàfù, 0.08 mm ni, kí ẹ́ńjìnnì tutù dáadáa kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ẹ má tíì fi kó ẹrù wúwo bí iṣu o, ẹ jẹ́ kí ríìngì tuntun kọ́kọ́ jókòó dáadáa.