Ẹ ka ara ilé àtijọ́ kí ẹ tó tún un ṣe

Ilé kan ní ìgbèríko lè jẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ láàárọ̀, kó jẹ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, kó sì gba ìpàdé lálẹ́. Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe, irú ilé bẹ́ẹ̀ ni mo sì fẹ́ràn jù láti tún ṣe. Bí ọ̀kan bá wà níkàáwọ́ yín, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fá pákó ilẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó kà á.

Ẹ dúró di alẹ́, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì lélẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fẹ̀gbẹ́ gba orí pákó kọjá. Gbogbo ibi tí ẹsẹ̀ ti jẹ ni yóò hàn. Bí ẹ bá rí ojú ẹsẹ̀ méjì tó gùn ní ìfẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́, tí pákó àárín wọn ò jẹ rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé káńtà ló wà níbẹ̀: oníbàárà dúró níhìn-ín, olùtajà lọ́hùn-ún. Ẹ wá ihò ìṣó tó tò tẹ̀léra ní etí àárín náà, òun ló máa fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n, ẹ yàwòrán rẹ̀, ẹ ya fọ́tò.

Ẹ wo ìṣó pẹ̀lú. Èyí tí alágbẹ̀dẹ fọwọ́ rọ ní igun mẹ́rin, orí rẹ̀ kì í sì í dọ́gba. Ìṣó wáyà tí ara rẹ̀ rí roboto kò wọ́pọ̀ títí di nǹkan bí ọdún 1890. Ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìṣó kan ṣoṣo, torí àwọn èèyàn máa ń tún ti àtijọ́ lò.

Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, nítorí náà ẹ má fá a ní gbígbẹ. Ẹ rin ín, kí ẹ bo imú.

Bí ẹ bá fẹ́ bi àwọn àgbà léèrè, inú ilé náà gan-an ni kí ẹ mú wọn wá. Ẹ má béèrè ìtàn ilé lọ́wọ́ wọn. Ẹ ní, "Níbo lẹ máa ń dúró sí bí ẹ bá wá gba lẹ́tà?" Ẹsẹ̀ wọn á gbé wọn lọ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì tẹ̀ lé e.

Ìgbà yìí ni àtúnṣe tó kàn. Ìwé àdéhùn Venice ti ọdún 1964, ìyẹn ìlànà àgbáyé lórí títọ́jú ilé àtijọ́, sọ pé ibi tí àbá bá ti bẹ̀rẹ̀ ni kí ìmúpadàbọ̀sípò dúró, mo sì fara mọ́ ọn pátápátá. Bí ẹ ò bá mọ bí káńtà náà ṣe rí, ẹ má kan òmíràn. Bó bá jẹ́ ẹfun sísun ni wọ́n fi mọ ògiri, ẹ má fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ: omi á há sínú rẹ̀, bíríkì á sì máa ṣí wẹ́wẹ́. Ní ti pákó, ibi tó rà nìkan ni kí ẹ gé kúrò, kí ẹ fi irú igi kan náà dí i, kí ẹ sì kọ ọdún sí ẹ̀yìn tuntun náà.